Ìwé Tó Wọ Kàlẹ́ńdà Ṣọ́ọ̀ṣì

Bí ẹ bá bi àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi léèrè irú èèyàn tí mo jẹ́, wọ́n á sọ fún yín pé orí mi gbóná, ẹnu mi sì mú. Wọn ò parọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bá wọn mi orí, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n ní ohun tó ń bí mi nínú. Ohun tó ń bí mi nínú jù lọ ni kí àgbàlagbà ti ìwé ọmọdé mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, kó wá jókòó síwájú kọ́bọ́ọ̀dù náà, kó máa ráhùn pé àwọn ọmọ ìsinyìí kò fẹ́ràn ìwé kíkà.

Ṣìkẹ́mi ni orúkọ mi. Kíláàsì kẹrin ni mò ń kọ́ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ajégúnlẹ̀, níbi tí èèyàn ti lè gbọ́ fèrè àwọn tírélà tó tò lọ sí èbúté Àpápá. Tí fèrè wọn bá pọ̀ jù, a ó dákẹ́ fún wọn, tí wọ́n bá ṣe tán, a ó máa bá tiwa lọ. Ọmọ Yorùbá wà ní kíláàsì mi, ọmọ Urhobo wà níbẹ̀, Ìgbò, Ìjọ, Ẹ̀gùn, gbogbo wọn fún mọ́ra lórí bẹ́ǹṣì. Pidgin ni wọ́n fi ń jà, òun náà ni wọ́n fi ń parí ìjà. Ṣùgbọ́n Yorùbá yé gbogbo wọn, torí inú Èkó ni ọ̀pọ̀ wọn ti là lójú.

Nígbà tí sáà ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn ìyá kan láti apá Àpápá gbé páálí ìwé ìtàn wá fún iléèwé wa. Ìwé tuntun aláwòrán ni, Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, Yorùbá wà níbẹ̀. A ya fọ́tò, a pàtẹ́wọ́, ọ̀gá iléèwé wa, Mádáàmù Níyìọlá, gbàdúrà fún àwọn ìyá náà títí ẹsẹ̀ fi ń ro wá. Bí àwọn àlejò ṣe jáde tán, Mádáàmù kó gbogbo ìwé náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì wọn, wọ́n sì tì í. Wọ́n ní kí ọwọ́ epo àwọn ọmọ má bàa bà wọ́n jẹ́ kí àwọn ará ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ tó wá wo iléèwé. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, èèyàn dáadáa ni Mádáàmù, wọ́n sì fẹ́ràn ìwé. Bí àwọn ìyá wa kan ṣe fẹ́ràn abọ́ tánganran náà ni, tí wọ́n á tò ó sẹ́yìn gíláàsì, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní jẹun nínú ẹ̀ títí ayé.

Mo lọ bá wọn, wọ́n ní kí n fara balẹ̀. Mo tún lọ, wọ́n ní àwọn ń rò ó. Nígbà tí mo wá sọ ọ́ di àṣà, tí mò ń kí wọn káàárọ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìwé, tí mò ń kí wọn pé ó dàárọ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìwé, wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n kó díẹ̀ fún mi kí etí wọn lè sinmi. Àmọ́ wọ́n ní dandan ni kí n bo gbogbo wọn kí ọmọ kankan tó fọwọ́ kàn án.

Ta ló lọ iléèwé nílẹ̀ yìí tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi kàlẹ́ńdà àtijọ́ bo ìwé? Mo ní kí àwọn ọmọ mú ti ilé wọn wá, wọ́n sì kó oríṣiríṣi dé. Ìwé kan wọ kàlẹ́ńdà báńkì. Òmíràn wọ ti ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì. Òmíràn wọ ti ìsìnkú bàbá àgbà ẹnì kan, bàbá náà jókòó lórí àga ńlá, wọ́n dijú mọ́ gbogbo wa. Bí a ṣe máa ń ṣe é láti kékeré ni pé ẹ̀yìn tó funfun ni à ń kọ síta, kí èèyàn lè rí ibi kọ orúkọ sí. Àwọn ọmọ wá bẹ̀ mí pé ibi tó ń dán ni kí àwọn kọ síta. Mo rò ó pé kí ló kàn mí, mo ní ó dáa.

Ewoma, ọmọ Urhobo kan tó máa ń jókòó sẹ́yìn, mú kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì ìyá rẹ̀ wá. Pásítọ̀ wọ kóòtù funfun, ìyàwó wọn dúró tì wọ́n, wọ́n sì kọ "Ọdún Ìkórè Mi" gàdàgbà sí àyà àwọn méjèèjì. Ó fi bo ìwé kan, ìtàn bàbá àgbà kan tó ń wa ọkọ̀ ojú omi. Ó ṣẹ́ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dáadáa, mo sì yìn ín níwájú gbogbo kíláàsì.

Bí mo ṣe ń lo àwọn ìwé náà nìyí. Lójoojúmọ́, tí àwọn ọmọ bá ti jẹun tán, tí wọ́n ti sáré ti gbọn eruku, màá gun orí tábìlì mi jókòó, èyí tí Mádáàmù kórìíra, màá máa ka ìtàn kan sókè. Ibi tó bá ti dùn jù lọ, tí ẹnì kankan ò yọjú wòta mọ́, ibẹ̀ ni màá ti pa ìwé dé, màá gbé e sórí fèrèsé. Wọ́n á kígbe. Wọ́n á bẹ̀ mí, àwọn mìíràn á pè mí ní ìkà. Mi ò ní dá wọn lóhùn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe parí, kó dìde, kó lọ mú ìwé. N kì í sì í bi wọ́n ní ìbéèrè kankan lẹ́yìn ẹ̀. Gbogbo wa la dàgbà sábẹ́ "ẹ̀kọ́ wo ni ìtàn yìí kọ́ wa", títí a fi rò pé gbogbo ìtàn ló mú pankẹ́rẹ́ dání.

Ọmọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Kafilat. Láwàlì onítírélà ni bàbá rẹ̀, ará Ìsẹ́yìn ni wọ́n, mùsùlùmí òdodo, wọn ò sì tíì pẹ́ tí wọ́n dé Èkó. Kafilat kì í sọ̀rọ̀. Tí mo bá pè é, á wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá ń kàwé pa pọ̀, tí èmi ń kà á síwájú, tí wọ́n ń kà á tẹ̀lé mi, ohùn rẹ̀ ló máa ń ròkè jù, kì í sì í ṣìnà rárá. Mo ti ń fi yangàn fún àwọn tíṣà yòókù. Àfi lọ́jọ́ kan tí mo dákẹ́ lójijì láàárín gbólóhùn, tí mo wo ojú ẹ̀, mo rí i pé òrùlé ló ń wò. Ìwé ò sí lójú ẹ̀ rárá. Ohùn mi ló ń há sórí, tó ń dá a padà fún mi. Ọmọ náà ti dé kíláàsì kẹrin, kò lè so lẹ́tà méjì pọ̀. Inú bí mi sí gbogbo ẹni tó ti kọ́ ọ ṣáájú mi, inú sì bí mi sí ara mi.

Lọ́sẹ̀ tí mo ka ìtàn bàbá ọlọ́kọ̀ ni nǹkan yí padà. Ìtàn náà rọrùn. Bàbá kan wà ní erékùṣù kan tó jọ Snake Island tó wà lódìkejì omi níbí. Àjẹ̀ ló fi ń wa ọkọ̀ rẹ̀, òun ló ń gbé àwọn ọmọ iléèwé sọdá ní àárọ̀ àti ní ọ̀sán, ó sì ń kọrin fún wọn lójú omi. Nígbà tó yá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí bàbá yìí fúnra rẹ̀ kọ́ ní iṣẹ́ ra ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, gbogbo àwọn ọmọ sì ya lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, òjò ṣú, afẹ́fẹ́ dé, ẹ́ńjìnnì kú mọ́ àwọn ọmọ lójú agbami. Ibẹ̀ ni mo ti pa ìwé dé.

Wọ́n pariwo bí wọ́n ṣe máa ń pariwo. Nígbà tí gbogbo wọn jáde, Kafilat kò jáde. Ó lọ síbi fèrèsé, ó mú ìwé náà, ó wò ó títí, ó wá gbé e wá bá mi. Ó ní, "Àǹtí, ṣé wọ́n kú?"

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ yìí kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ bá mi sọ nìyẹn. Ọkàn mi fẹ́ yọ́, díẹ̀ ló kù kí n sọ fún un. Mo gbé e mì. Mo ní mi ò mọ̀, inú ìwé ló wà.

Láti ọjọ́ náà ni a ti jọ ń jókòó lẹ́yìn iléèwé. Mo ń fi lẹ́tà hàn án, mo ń fi bí wọ́n ṣe ń so pọ̀ hàn án, ṣùgbọ́n mi ò ka ọ̀rọ̀ kan fún un nínú ìwé yẹn. Òun ló ń fi ìka wá ọ̀nà. Nígbà mìíràn, gbólóhùn kan á mú un di ìgbà tí ìyá rẹ̀ á ránṣẹ́ sí i. Àwọn yòókù ti mọ bó ṣe parí tipẹ́, Ewoma sì ti kìlọ̀ fún wọn pé ẹni tó bá sọ fún Kafilat, òun àti onítọ̀hún á pàdé ní géètì. Kò sẹ́ni tó sọ. Bí sáà ṣe ń lọ, gbólóhùn di ìpínrọ̀, ìpínrọ̀ di odidi ojú ìwé. Nígbà tó wá dé ibi tí ẹ́ńjìnnì ti kú, ó bẹ̀ mí kí n jẹ́ kó mú ìwé lọ sílé, ọkàn òun ò lè dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà wo ló máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, tí á ní rárá? Mo fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì Mádáàmù. Bàbá Kafilat ló dúró níbẹ̀, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ọkùnrin gíga ni, ó wọ fìlà ìkírun funfun, kò sì pariwo rárá. Ká ní ó pariwo ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn, torí mo mọ bí wọ́n ṣe ń bá aláriwo sọ̀rọ̀. Ó gbé ìwé sórí tábìlì Mádáàmù jẹ́jẹ́. Pásítọ̀ àti ìyàwó wọn ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo wa.

"Iléèwé ni mo fi ọmọ mi sí," ló wí. "Mi ò fi í sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Ó ní òun wọlé lálẹ́ àná, òun bá ọmọ òun níbi tó ti tẹjú mọ́ ìwé yìí lẹ́bàá ìkòkò, tí kò tilẹ̀ gbọ́ pé òun ń pè é. Ó ní ọmọ tí kò ka Kéú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní òun ti gbọ́ pé báyìí ni wọ́n ṣe ń fi ọgbọ́n fa ọmọ mùsùlùmí lọ ní Èkó, òun kò kàn mọ̀ pé ó ti dé ilé òun ni.

Mádáàmù kò jẹ́ kí n lanu. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, wọ́n ní àwọn á gba gbogbo ìwé náà padà lónìí, kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́ láé. Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀ ni ara mi ń gbóná. Èmi gan-an ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mò ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ wàásù fún ọmọ kan, mi ò ní fi bàbá ọlọ́kọ̀ ṣe é. Mo mú ìwé náà, mo fa kàlẹ́ńdà náà ya kúrò lára ẹ̀. Pásítọ̀ àti ìyàwó wọn bọ́ sílẹ̀. Mo kọ iwájú ìwé náà sí Bàbá Kafilat: bàbá arúgbó kan nínú ọkọ̀, àjẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, omi yí i ká.

Mo ṣàlàyé fún un pé àwọn ọmọ ló fi kàlẹ́ńdà bò wọ́n, pé ọ̀kan wà níbẹ̀ tó wọ báńkì, ọ̀kan wọ òkú. Ó gbọ́ mi. Ó wo àwòrán náà dáadáa, ó wá ní wọ́n lè yí ara padà, inú ni òun ò mọ̀.

"Ẹ gbé e lọ sílé, sà," ni mo sọ fún un. "Ẹ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tí ẹ bá rí ṣọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo níbẹ̀, fúnra mi ni màá kó gbogbo ìwé yìí padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, màá sì kúnlẹ̀ bẹ̀ yín níwájú àwọn ọmọ."

Mádáàmù dì mí mú lápá. Bàbá Kafilat fi ìka méjì mú ìwé náà bí ẹni mú òkú eku. Ó ní Kafilat kò ní wá sí iléèwé títí òun á fi rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí, tí òun bá sì rí ohun tí òun ń wá, iléèwé mìíràn ni òun á mú un lọ. Ó fà á lọ́wọ́, wọ́n jáde. Ọmọ náà yí ojú padà lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé èmi ló fẹ́ wò, àmọ́ ìwé tó wà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ló ń wò.

Bí wọ́n ṣe lọ tán, Mádáàmù sọ ìpinnu tiwọn fún mi. Tí ọmọ yẹn kò bá padà wá kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìtàn kíkà ti tán ní kíláàsì mi, gbogbo ìwé á padà síbi tó ti wá. Wọ́n ní àwọn ò lè torí ìwé ìtàn pàdánù ọmọ, kí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn sì gbé wa dé ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò ní mo ti gbà.

Mo ń ka ìtàn lọ lójoojúmọ́ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe. Àwọn ọmọ tún gbogbo ìwé bò, wọ́n kọ ẹ̀yìn funfun síta báyìí, Ewoma ló sì ṣáájú wọn. Ó ti wá bá mi tẹ́lẹ̀, omi lójú, ó ní, "Àǹtí, na me cover am." Mo ní kò jẹ̀bi nǹkan kan, kó lọ jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ẹ̀rù ń bà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù Mádáàmù. Mo mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà tí wọ́n bá já a gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n á fi í sí iléèwé mìíràn, wọ́n á ní kó tẹ̀ lé tíṣà kà, á tún gbójú sókè wo òrùlé, títí á fi jáde.

Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo lọ sí ilé wọn. Ìyá Kafilat gbà mí pẹ̀lú ọ̀yàyà, ó fún mi lómi mu. Ó ní ọkọ òun ti gbé tírélà lọ sórí ìlà, ó ń retí kí wọ́n pè é wọ èbúté, ẹnikẹ́ni ò sì mọ ọjọ́ tí wọ́n á pè é. Ó ní ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó ní ó sọ pé òun á fi í han Ààfáà kan tó mọ̀ ní Ìjọra. Nígbà tí mo gbọ́ Ààfáà, ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì.

Kafilat jáde síta, àbúrò rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo bi í bóyá ó tilẹ̀ ráyè ka ìwé náà tán.

Ó ní òun ti kà á tán. Ó ní ní alẹ́ ọjọ́ tí àwọn kúrò ní iléèwé, bàbá òun ní kí òun ka gbogbo ẹ̀ sókè níwájú wọn, òun sì kà á. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òun fọ abọ́. Mo ní kí ni bàbá rẹ̀ wá sọ.

"Wọ́n ní mo fo ibì kan," ló dáhùn. Ó gbójú sókè. "Mi ò fo ibì kankan, Àǹtí."

Ìbínú wà nínú ohùn rẹ̀, ìbínú gidi, bí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn olè kàn. Inú mi dùn sí ìbínú yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbànújẹ́ ni mo gbé délé. Ó hàn sí mi pé bàbá náà ṣì ń wá ṣọ́ọ̀ṣì nínú ìwé, pé nígbà tí kò rí i, ó gbà pé ọmọ rẹ̀ ló fò ó. Ẹni tó bá ti pinnu ohun tó máa rí, kí lẹ fẹ́ sọ fún un?

Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo wà lórí tábìlì mi, mo ti ka ìtàn dé ìdajì, nígbà tí ẹnu ọ̀nà ṣókùnkùn. Bàbá Kafilat ló dúró síbẹ̀. Eruku bo ṣòkòtò rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ó hàn pé orí ìlà ló ti ń bọ̀ tààrà. Ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kafilat wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ iléèwé, Mádáàmù Níyìọlá sì ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, wọ́n ń mí gúlegúle. Àwọn ọmọ dìde, wọ́n kí i lẹ́ẹ̀kan náà. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì.

"Àǹtí, ta ló kọ ìwé yìí?" ló bi mí.

Mádáàmù ti bẹ̀rẹ̀ àforíjì mìíràn. Ó yí sí wọn, ó ní kí wọ́n máà bínú, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ti tán. Òun wá a, òun ò rí i. Ààfáà wò ó ní Ìjọra, òun náà ò rí nǹkan kan. Ó ní ohun tó wà níbẹ̀ ni òun bá wá. Ó wá kọjú sí mi, gbogbo ìbínú tí kò fi hàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló tú jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó ní nígbà tí ọmọ òun kà á tán, òun rò pé ó fo ibì kan ni, torí ìtàn ò lè parí báyẹn. Òun wá mú un dání kí òun fojú ara òun rí i. Ó ní láti ìgbà tí òun ti jáde ìwé mẹ́fà ní Ìsẹ́yìn, òun ò ka ìwé kankan rí yàtọ̀ sí ti ẹ̀sìn, nítorí náà ó pẹ́ lọ́wọ́ òun. Ṣùgbọ́n ìlà tírélà náà kì í yá. Òun kà á tán, kò sí ibi tí wọ́n fò.

"Bàbá yìí gbé àjẹ̀ wọ inú òjò," ló wí. "Ó fa gbogbo ọmọ yẹn gúnlẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n tún ẹ́ńjìnnì ṣe, gbogbo wọn tún padà sínú ẹ̀. Ẹyọ ọmọ kan ò dúró ti bàbá. Ó wá jókòó, ó ń gbọ́n omi nínú ọkọ̀ ẹ̀. Ó tán. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn?"

Ó ní àwọn awakọ̀ tó wà lórí ìlà ti pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí, torí òun ti sọ ọ́ fún wọn. Apá kan ní ayé bẹ́ẹ̀ ló rí. Apá kejì ní ìwé tó kù wà níbì kan, kí òun lọ bá tíṣà. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, ó wá sọ pé òun náà kọ́ ọmọọṣẹ́ kan ní ọkọ̀ wíwà, ọmọ náà ti ní tírélà tirẹ̀ báyìí, tó bá kọjá lára òun ní Ìjọra, kì í fọn fèrè.

Ọkùnrin yìí kò bá mi jà mọ́, ìwé ló ń bá jà, ó sì ń bá a jà gidi. Láti ọdún tí mo ti ń kọ́ ọmọ, mi ò rí ẹni tó kàwé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo sì fẹ́ sunkún.

Kafilat ló sọ̀rọ̀.

"Dádì, bàbá yẹn ò bínú."

Gbogbo kíláàsì yí ojú sí i. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì gbọ́ kó dá sọ̀rọ̀ rí.

"Inú wọn ń dùn," ló tún wí. "Wọ́n ń kọrin."

Bàbá rẹ̀ ní wọn ò kọrin. Ó ní òun kà á. Kafilat ní wọ́n kọrin, sà. Mádáàmù fọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo wa la mọ ohun tó túmọ̀ sí kí ọmọ já bàbá rẹ̀ nírọ́ níwájú èrò, ọkùnrin náà sì wò ó títí, mo ti ń ro bí màá ṣe kó sáàárín wọn. Ó fi ẹsẹ̀ kan sún bẹ́ǹṣì iwájú, ó jókòó lé e pẹ̀lú bó ṣe ga tó, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà. Ó ṣí ìwé sórí tábìlì.

"Fi hàn mí."

Kafilat ṣí i dé ojú ìwé tó kẹ́yìn, ó fi ìka sí i. Bàbá rẹ̀ tẹrí ba, ó fi ìka tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀rọ̀ náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ ń mì. Fèrè tírélà ń dún lójú títì, kò gbójú sókè. Nígbà tó kà á tán, ó gbójú sókè wo ọmọ rẹ̀.

"Ó kọrin lóòótọ́," ló wí. "Àmọ́ èèyàn lè máa fi orin pa ẹkún mọ́ra."

Kafilat rò ó. Mo rí i tó ń rò ó, ó tún wo ojú ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀, sà."

Bàbá rẹ̀ gbé ìwé náà fún un, ó fi orí júwe àwọn ọmọ tó ń wò wọ́n. Ó ní, "Kà á fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n bá wa dá ẹjọ́ náà."

Mo kúrò níwájú kíláàsì, mo lọ jókòó ti Ewoma lẹ́yìn. Kafilat di ìwé mú lọ́wọ́ méjèèjì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ohùn rẹ̀ kò ròkè, ojú rẹ̀ kò sì kúrò nínú ìwé, bàbá rẹ̀ sì jókòó síbẹ̀ títí tó fi kà á tán.